Kí Ó Tó Dé Iwájú Adájọ́

Ràṣídì ni orúkọ àbúrò mi. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ohunkóhun nípa ara mi. Nígbà tó kú, àwọn ìwé ìròyìn pè é ní Pọ̀rọ̀fẹ́sọ̀, wọ́n ní lọ́yà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù ni, wọ́n ní ó kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìmọ̀ òfin. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kọ ọ́ pé ó máa ń sá fún ewúrẹ́ nígbà tó wà ní kékeré, tàbí pé èmi ni mo kọ́ ọ ní A, B, D. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Mo kọ́ ọ dé ibi tí tèmi parí sí, ó wá bá tirẹ̀ lọ.

Ṣógúnlé ni wọ́n bí wa sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìsẹ́yìn ni bàbá wa ti wá. Ìyá wa, Àlàájà Ràbíátù, ń ta abọ́ oníke ní ọjà Bọ́ládé, èmi sì ni mo ń bá a tà á. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, a kì í ṣí ọjà títí aago mẹ́wàá àárọ̀, torí ìmọ́tótó. Ìyá mi á fún mi ní ọ̀bẹ kan tí ẹnu rẹ̀ ti kú, pé kí n fi ha gbogbo ìwé tí àwọn èèyàn bá lẹ̀ mọ́ pákó ìsọ̀ wa: ìwé ìsọjí, ìwé olóṣèlú, ìwé àwọn tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí. Ìyá Sùbédà, tó jẹ́ olórí wa lọ́jà, á máa tẹ̀ lé wa lẹ́yìn.

"Ọmọ Ràbí, o fi ìdajì sílẹ̀! Ṣé o fẹ́ kí àwọn wolé-wolé wá ti ọjà pa ni?"

"Ó ti lẹ̀ jù, Ìyá."

"Bí ọkọ bá lẹ̀ mọ́ ẹ báyìí, ṣé wàá ráhùn? Ha á, jàre!"

Gbogbo ọjà á bú sẹ́rìn-ín. A máa ń ha á ni, a kì í wo ohun tí wọ́n kọ sí i. Kí aago mẹ́wàá tó lù, kò ní sí bébà kan lára pákó láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà títí dé òpin rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn fún mi.

Ọkọ mi, Lásísì, ló mú mi lọ sí ìlú Mánṣẹ́sítà. Ràṣídì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì nígbà náà. Lásísì kú ní ọdún kẹrin, Ọlọ́run kò sì fún wa lọ́mọ. Èmi nìkan ló kù síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo lọ sí ibùdókọ̀, mo bá èèyàn mẹ́sàn-án níbẹ̀, mo sì kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn, obìnrin ará Jàmáíkà kan tó ń jẹ́ Dórótì. Àwọn yòókù ń wo bàtà wọn. Mo rò pé òkú ni wọ́n ń lọ sin.

Dórótì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ yìí, má kí wọn mọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n."

"Kí ni mo ṣe fún wọn?"

"O kí wọn."

Dórótì yìí náà ló bá mi wáṣẹ́. Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run: ilé-ẹjọ́ ni wọ́n ní kí n máa gbá. Àwa mẹ́ta là ń ṣe é kí àwọn adájọ́ tó dé, èmi, Dórótì, àti Kofí ará Kùmásì. Ọ̀gá wa, Bíráyàn, kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n kò lè pe orúkọ mi. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní òun á máa pè mí ní Rósì. Ọdún méjìlá ni mo fi ń jẹ́ Rósì. Nígbà míì tí wọ́n bá pe orúkọ mi gan-an ní ọsibítù, n kì í tètè dáhùn.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ tèmi àti Ràṣídì. Kò tíì sí fóònù lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Bíọ́dún ní Ṣógúnlé ni mo máa ń pè, màá sì gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń pariwo sí àdúgbò: "Ràṣídì! Ràṣídì o! Ìlú òyìnbó ń pè ẹ́!" Lẹ́yìn náà màá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bọ̀. Títí di òní, tí mo bá fẹ́ rántí ilé, ìró ẹsẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́.

Ìgbà tó di lọ́yà ló bẹ̀rẹ̀ àṣà ríro ẹjọ́ fún mi. Mo pè é lọ́jọ́ Àìkú kan, kò tiẹ̀ béèrè bí òtútù ṣe ń ṣe mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹjọ́ mi fún yín. Tó bá yé yín, á yé adájọ́."

"Ṣé èmi àti adájọ́ wá dọ́gba ni?"

"Rárá o. Ojú máa ń ti adájọ́ láti sọ pé nǹkan ò yé òun. Ojú kì í ti ẹ̀yin."

"O ń bú mi."

"Mo ń yìn yín ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ gbọ́."

Ẹjọ́ Sàká ni, ẹni tó ń lẹ táyà nítòsí ilé wa. Ọlọ́pàá ti tì í mọ́lé, wọ́n ní ó wà lára àwọn tó jí mọ́tò kan. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló jókòó, tó kọ ọ́ sílẹ̀ lédè òyìnbó pé òun jẹ̀bi, ojú ewé méjì gbáko, tó sì fọwọ́ sí i. Sàká sọ fún Ràṣídì pé wọ́n nà òun ni òun fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ nínà yìí ni Ràṣídì fẹ́ gbé lọ síwájú adájọ́.

Mo ní, "Kò yé mi."

"Kí ni kò yé yín?"

"Sàká wo nìyẹn? Sàká ọmọ Ìyá Mọ́núrà?"

"Òun náà ni."

"Sàká tí mo máa ń bá ka lẹ́tà? Ràṣídì, Sàká ò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà. Wọn ì báà nà án títí ọdún á fi yí po, kò lè kọ ojú ewé méjì."

Mo gbọ́ bí Ìyá Bíọ́dún ṣe ń bá oníbàárà kan jà lẹ́yìn Ràṣídì.

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ìwọ tí o wọ kóòtù dúdú, tó o so ọ̀já funfun mọ́ ọrùn, ṣé ìwọ ló máa sọ fún pé òun ò kàwé?"

Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ pé, Ràṣídì gbé bírò fún Sàká níwájú adájọ́, ó ní kó kọ orúkọ ara rẹ̀. Sàká di bírò náà mú bí ẹni di òòlù mú, ó sì bú sẹ́kún. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ní ọjọ́ Àìkú, Sàká fúnra rẹ̀ ló gba fóònù. Ó ní, "Àǹtí, ẹ tú mi láṣìírí o. Ọlọ́run á san án fún yín."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dá wà nínú ọ̀kan lára àwọn yàrá ìgbẹ́jọ́ ní Mánṣẹ́sítà. Mo gbé igi ìnulẹ̀ sílẹ̀. Mo lọ dúró síbi tí àwọn lọ́yà máa ń dúró sí, mo bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà mi, mo tẹrí ba fún àga adájọ́ tó ṣófo. Mo ní, "Olúwa mi, Sàká ò mọ̀wé." Bí mo ṣe yíjú padà, Kofí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Rósì, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Àbúrò mi jàre ẹjọ́ rẹ̀ nílé."

Kofí bọ́ fìlà rẹ̀, òun náà tẹrí ba fún àga náà. Lẹ́yìn èyí, a padà sídìí iṣẹ́ wa.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ibo ni mo kà sí ilé. Nígbà tí mo bá lọ sí Lagos, wọ́n á máa pè mí ní Ìyá Lọ́ńdọ̀nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ò gbé Lọ́ńdọ̀nù rí. Nígbà kan tí mo lọ, mo sọnù ní Òṣòdì. Wọ́n ti ṣe afárá tuntun, wọ́n ti kó ọ̀nà tí mo mọ̀ lọ, ọmọdébìnrin kan tó ń ta omi ló fi Bọ́ládé hàn mí, ní Bọ́ládé níbi tí mo ti dàgbà! Ní Mánṣẹ́sítà ẹ̀wẹ̀, ọdún mélòó kan ni mo fi gbé ilé tó kọjú sí ti obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ́ílà, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé rẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí Ràṣídì bá ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́", mo mọ ibi tí mo wà. Àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ wọn fún mi, mo mọ̀ wọ́n. Mo mọ ìyá wọn. Ó máa ń ṣe mí bíi pé n ò kúrò níbẹ̀ rí.

Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fi ń dùn mí.

Ọdún kẹtàdínlógún tí mo ti wà ní Mánṣẹ́sítà ni ẹjọ́ Bọ́ládé dé. Ìyá wa ti kú nígbà náà, Àlàájà Sìmbíátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló wà ní ìsọ̀ wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, katapílà dé, ó wó gbogbo ìlà náà lulẹ̀ pẹ̀lú ọjà tó wà níbẹ̀. Àwọn tó rán katapílà ní àwọn ti kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́jà ní ọjọ́ méje ṣáájú, pé àwọn lẹ ìwé mọ́ pákó ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn sì ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà ní àwọn ò rí ìwé kankan. Ràṣídì ló gba ẹjọ́ wọn, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Mo ti kúrò ní ilé-ẹjọ́ nígbà yẹn, mo ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ara Dórótì kò yá, nítorí náà mo ṣe iṣẹ́ tèmi, mo sì ṣe tirẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí fóònù dún láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Mo jókòó sórí àga pẹ̀lú aṣọ òtútù lọ́rùn, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi.

Ràṣídì ro ẹjọ́ náà fún mi látòkèdélẹ̀. Nígbà tó dé orí fọ́tò ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó, nǹkan kan rìn lọ́kàn mi. Òórùn àtè ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà mo rí ọ̀bẹ ìyá mi. Ìbéèrè kan dé ọ̀nà ọ̀fun mi: ọjọ́ wo ni wọ́n lẹ̀ ẹ́? Torí tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni wọ́n lẹ̀ ẹ́, a jẹ́ pé àwọn ọlọ́jà fúnra wọn ló ha á dànù láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, láìkà á, bí a ti máa ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.

Ràṣídì ní, "Ṣé ó yé yín?"

Tí mo bá ní kò yé mi, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Wákàtí kan nìyẹn.

"Ó yé mi."

"Ó dá yín lójú, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ràṣídì, ó yé mi, jàre. Jẹ́ kí n lọ sùn."

Mo sùn. Nígbà tí mo jí, ìbéèrè náà ti lọ.

Adájọ́ ní wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn. Ó ní fọ́tò wà níbẹ̀, gbogbo ènìyàn rí i, ẹni tí kò bá ka ìwé tó wà lójú ìsọ̀ rẹ̀ kò lè sọ pé wọn ò sọ fún òun. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni wọ́n ya fọ́tò náà. Ràṣídì ló kà á sí mi létí nínú ìdájọ́ tí adájọ́ kọ, ó sì kọjá lọ bí ẹni tí kò kíyè sí i. Èmi kíyè sí i.

Ó ní, "A pàdánù rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́."

Àlàájà Sìmbíátù padà sí Ìsẹ́yìn, ibẹ̀ ló kú sí. Bàbá Ṣẹ́rí tó ń ta fìlà di mẹ́gáàdì. Ìyá Kúdí kiri ọjà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Mojí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà, n ò gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́. Mo mọ gbogbo wọn lórúkọ, àwọn orúkọ yìí ni mo sì máa ń kà nígbà tí oorun ò bá wá.

N ò sọ ọ́ fún Ràṣídì. Mo ń wí lọ́kàn mi pé tí mo bá délé, tí mo bá fojú rí i, màá sọ ọ́. Mo délé lẹ́ẹ̀mẹta, n ò sọ ọ́. Ó ń kọ́ni ní yunifásítì nígbà náà, ó sì ń lọ sí kóòtù. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní òkè ilé alájà kan ní Àgọ́ Palace, àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé àti àwọn tí wọ́n tì mọ́lé láìṣẹ̀ á máa jókòó sórí àtẹ̀gùn dè é. Nígbà tó di pọ̀rọ̀fẹ́sọ̀, mo wo ayẹyẹ náà lórí fóònù mi. Ó wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ pupa, ó sì ní, "Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ mi ní òfin kò wọ yunifásítì rí. Ó wà ní Mánṣẹ́sítà, ó ń wò mí báyìí." Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo da ojú fóònù náà délẹ̀ lórí tábìlì.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, kò pè mí. Mo pe Sẹ̀míyátù, ìyàwó rẹ̀. Ó ní Ràṣídì lọ sí Àbújá fún ìpàdé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Hálímà, àkọ́bí rẹ̀, ló gbé fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Dádì, wọ́n ń sùn." Láàárọ̀? Ràṣídì?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. Mùsá ni, ọmọ ìbátan wa tó ń gbé ìlú Líìdìsì nítòsí, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àgbà méjì láti mọ́ṣáláṣí. Ìyàwó rẹ̀ gbé kúlà oúnjẹ dání.

Àwọn ènìyàn wa kì í fi fóònù túfọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Wọ́n á wá àwọn tó súnmọ́ ọn, wọ́n á ní kí wọ́n lọ bá a, kí ó má baà dá nìkan wà nígbà tó bá gbọ́. Èmi náà ti bá wọn lọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà ti gbé kúlà oúnjẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn, tí mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ ohun tó wà nínú kúlà yẹn.

Mo ní, "Ẹ má wọlé."

Mùsá ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká jókòó ná."

"Ẹ má wọlé, Mùsá. Tí ẹ ò bá wọlé, kò tíì ṣẹlẹ̀."

Wọ́n wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n ti sin ín láti ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ mélòó kan.

Mo lọ sílé fún àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà náà, Bùkọ́lá mú mi lọ sí ọ́fíìsì ní Àgọ́ Palace. Ọmọ tí Ràṣídì kọ́ ni, òun ló kù tó ń bá àwọn ẹjọ́ náà lọ. Àga rẹ̀ wà níbẹ̀, awò ojú rẹ̀ sì wà lórí tábìlì. Mo mú awò náà, mo fi etí aṣọ mi nù ún, n ò sì mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ ti Ọjọ́bọ̀ fún un. Mo sọ ti ọ̀bẹ. Mo ní, "Èmi ni mo jẹ́ kí ẹjọ́ Bọ́ládé yẹn bọ́. Ó sì kú láìmọ̀."

Bùkọ́lá fa àga súnmọ́ mi.

"Màmá, wọ́n mọ̀."

"Ta ló mọ̀?"

"Prọ́ọ̀fù. Àlàájà Sìmbíátù ló sọ fún wọn ní ọjọ́ ìdájọ́ gan-an, níta kóòtù, pé Ọjọ́bọ̀ ni àwọn máa ń ha bébà. Wọ́n gbé e lọ sí kòtẹ́milọ́rùn, àwọn adájọ́ ibẹ̀ ní ohun tí wọn ò sọ nílé-ẹjọ́ àkọ́kọ́, àwọn ò lè gbọ́ ọ mọ́."

"Kò sọ fún mi."

"Àwa ni wọ́n sọ fún. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún kíláàsì tuntun. Wọ́n ní, 'Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní ó yé òun, mo sì yára gbà á torí mò ń kánjú. Èmi ni mo pàdánù ẹjọ́ yẹn. Tó bá ti rẹ ẹni tí ẹ ń ro ẹjọ́ fún, ẹ lọ, kí ẹ padà wá lọ́la.'" Ó di ọwọ́ mi mú. "Wọ́n ní ká má sọ fún yín, kó má baà dùn yín."

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú awò ojú rẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún wọ̀nyẹn gbogbo, láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òun ń fi pa mọ́ fún mi, èmi ń fi pa mọ́ fún un. Èmi ń gba ara mi là. Òun ń gbà mí là. Mo sunkún débi tí oníṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ fi gòkè wá wò.

Mo padà sí Mánṣẹ́sítà. Ọjọ́ Àìkú méjì kọjá, mi ò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà ju kí n jókòó ti fóònù tí kò ní dún. Ní ẹ̀kẹta, ó dún.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Bùkọ́lá ni. Ṣé ó rẹ̀ yín?"

"Kí ló dé?"

"Mo ní ẹjọ́ kan lọ́túnla. Tó bá rẹ̀ yín, màá pè lọ́la."

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo bọ́ bàtà. Mo pa tẹlifísàn.

"Kò rẹ̀ mí. Sọ ọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ayálégbé kan ní Ìsọlọ̀ ni, ilé oníyàrá mọ́kànlá, onílé tuntun lé wọn jáde. Onílé náà ní òun ti kìlọ̀ fún wọn, pé òun lẹ ìwé mọ́ ara ògiri níwájú ilé. Ohùn ọmọ náà ń yára, ẹ̀rù ń bà á, bó ṣe ń ba Ràṣídì nígbà ẹjọ́ Sàká. Ó sọ ọ́ tán.

"Màmá, ṣé ó yé yín?"

Mo ní, "Kò yé mi."

Mo gbọ́ mọ́tò tó ń kọjá ní Àgọ́ Palace, mo gbọ́ ẹnì kan tó ń kí ẹnì kan lórí àtẹ̀gùn.

"Kí ni kò yé yín, Màmá?"

"Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri yẹn. Ọjọ́ wo ni wọ́n lẹ̀ ẹ́?"